Aṣọ Ló Ń Ṣáájú Owó: Ọ̀rọ̀ Páàkì Mọ́tò àti Títì Wa

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó lónìí. Kì í ṣe owó bọ́ọ̀lù, kì í ṣe owó àwọn gbajúmọ̀. Owó títì ni. Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé ó ṣeé ṣe kí ibi tí a ń páàkì mọ́tò sí máa mú owó wá, ká fi máa tún títì Òṣogbo àti Iléṣà ṣe? Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń bínú báyìí. Ẹ ní sùúrù jàre, màmá mi ti bínú ṣáájú yín. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan panu.

2/ Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Àwọn oníṣòwò máa ń pè mí kí n wá ya ọjà wọn, kí n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òní Òṣogbo, ọ̀la Iléṣà. Inú ìsọ̀ kì í ṣòro yà. Ìta ni wàhálà. Kí n sún sẹ́yìn kí ojú ìsọ̀ lè hàn tán, mọ́tò ẹnìkan ti dí iwájú rẹ̀. Kí n wá sún sẹ́yìn sí i, gọ́tà tó ti dà wó ló wà lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbẹ́ Ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà tàbí Ìgbọ́nà ní Òṣogbo, ọ̀kan náà ni.

3/ Màmá mi náà ní ìsọ̀ ní Òṣogbo, lójú títì kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ. Fùláwà, ṣúgà, bọ́tà àti pan tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ló ń tà. Gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan wà ní títì yẹn kan náà. Lọ́jọ́ Sátidé, mọ́tò á kún inú ọgbà wọn, á tún kún ẹ̀gbẹ́ títì lọ́tùn-ún lósì. Kòròpe ò ní ríbi kọjá. Oníbàárà màmá mi ò ní ríbi dúró. Tó bá máa fi di ọjọ́ Ajé, etí ọ̀dà títì ọ̀hún á tún ti já díẹ̀ sí i.

4/ Nígbà tí kòtò pọ̀ jù, àwọn onílé àti onísọ̀ àdúgbò dáwó láti ra òkúta àti sìmẹ́ǹtì. Iye kan náà ni wọ́n bù fún gbogbo èèyàn. Màmá mi, tí oníbàárà rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn wá tàbí tó ń gun ọ̀kadà, san iye kan náà pẹ̀lú ibi tó ń kó ọ̀pọ̀ mọ́tò wọ títì náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní ìdọ́gba ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ìdọ́gba nìyẹn?

5/ Ìdí rèé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èrò náà ò le. Owó iná, mítà ló ń sọ iye tí o lò. Omi náà bẹ́ẹ̀ níbi tí omi ẹ̀rọ bá wà. Títì nìkan ni kò ní mítà. Àmọ́ mọ́tò tó bá páàkì sọ́dọ̀ rẹ, ó gba orí títì wá, orí títì náà ló máa gbà padà. Tí a bá mọ iye mọ́tò tí ilé kan ń gbà, a ti mọ ìwọ̀n bó ṣe ń lo títì. Páàkì ti di mítà nìyẹn.

6/ Àwọn kan ti ṣe irú rẹ̀. Ní 1984, ìlú Fort Collins ní ìpínlẹ̀ Colorado, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó títì lọ́wọ́ onílé bí wọ́n ṣe ń gba owó omi. Wọ́n wo bí iwájú ilé ṣe gùn tó lójú títì, wọ́n sì wo bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń fa mọ́tò tó. Àwọn èèyàn gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Colorado ní owó náà bófin mu, owó ohun tí èèyàn ń lò ni, kì í ṣe owó orí.

7/ Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìdájọ́ yẹn rèé. Ìlú náà ti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé bí owó títì bá ṣẹ́kù, àwọn lè fi ṣe nǹkan míì. Ilé ẹjọ́ fa ìlà yẹn yọ. Owó títì, títì ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Ká ní wọ́n lè ya ìdájọ́ yẹn sára ògiri gbogbo káńsù ilẹ̀ Nàìjíríà!

8/ Ẹ wá sí ìlú Òyìnbó. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Nottingham, kó bi í léèrè. Láti 2012 ni ilé iṣẹ́ tó bá ní ibi ìpáàkì mọ́kànlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń sanwó lórí ibi kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. £288 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí tirẹ̀ ò tó mọ́kànlá kì í san nǹkan kan. Wọ́n kó owó náà sórí reluwé orí títì, tí wọ́n ń pè ní tram, wọ́n sì fà á gùn sí i. Ẹni tí kò ní mọ́tò rí nǹkan wọ̀.

9/ Pasadena ní California náà ńkọ́? Ní 1993, wọ́n ri mítà ìpáàkì mọ́lẹ̀ ní àárín ìlú àtijọ́ wọn. Àwọn onísọ̀ ò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé oníbàárà á sá. Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà ni pé ìjọba ìlú gbà pé àdúgbò yẹn gan-an ni wọ́n máa náwó mítà náà sí. Wọ́n tún ẹ̀gbẹ́ títì ṣe, wọ́n gbin igi, wọ́n fọ kọ̀rọ̀ àárín ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Shoup, tó kú ní 2025, fi gbogbo ayé rẹ̀ wàásù ọ̀rọ̀ yìí: kò sí páàkì ọ̀fẹ́, ẹnìkan ló ń sanwó rẹ̀.

10/ Ní títì tiwa, èmi mọ ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń yà fún kòtò ń sanwó rẹ̀. Màmá mi tí oníbàárà kọjá lọ láìdúró ń sanwó rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé tó ń rìn láàárín títì torí pé mọ́tò ti gba ẹ̀gbẹ́, ó lè fi ẹ̀mí sanwó rẹ̀. Kò kàn sí ẹni tó ń fún wọn ní rìsíìtì ni.

11/ Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Nàìjíríà ti dán an wò, ó sì ti bu wá jẹ. Ní 2021, àjọ tó ń mójú tó páàkì ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASPA, fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé oúnjẹ kan ní Victoria Island: ₦80,000 lọ́dún lórí ibi ìpáàkì kan, mẹ́ta ni tiwọn, pẹ̀lú ₦50,000 owó ìwé. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦290,000. Ìwé yẹn jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ariwo ta. Iwájú ìsọ̀ mi náà ni mo tún máa sanwó rẹ̀?

12/ Ti Àbújá ṣáájú ìyẹn. Wọ́n gbé páàkì olówó kalẹ̀ lójú títì, wọ́n fa iṣẹ́ náà lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, wọ́n ń de táyà mọ́tò mọ́lẹ̀. Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga ní Àbújá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, torí kò sí òfin tó gbé e lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí o: ilé ẹjọ́ ò sọ pé páàkì olówó burú. Ohun tó sọ ni pé ẹ ò lè gbowó lọ́wọ́ èèyàn láìsí òfin.

13/ Ibí ni mo ti rántí bàbá ìyá mi. Iléṣà ni wọ́n ti wá, òṣómàáló sì ni wọ́n. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀: àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó máa ń gbé aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n á tà á fún èèyàn láwìn. Tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á wá lóṣòó síwájú ilé rẹ. Wọn ò ní jókòó, wọn ò ní jẹun rẹ, wọn ò ní dìde títí owó á fi pé. Orúkọ yẹn ti inú lílóṣòó yẹn wá. Gbogbo ayé ń fi Ìjẹ̀ṣà ṣẹ̀fẹ̀ lórí rẹ̀ títí dòní.

14/ Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣẹ̀fẹ̀ yẹn kì í rántí. Kí òṣómàáló tó wá lóṣòó, aṣọ ti wà lọ́rùn rẹ. O ti fi lọ sí òde. Àwọn aládùúgbò ti kí ọ pé ó yẹ ọ́. O ò lè sọ pé o ò mọ ohun tí ó wá gbà. Ìdí tó fi lè lóṣòó láìtijú nìyẹn. Ìjọba tiwa ń fẹ́ lóṣòó síwájú ilé ẹni tí kò tíì fún láṣọ.

15/ Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba owó páàkì ní Ọ̀ṣun, òfin àkọ́kọ́ tèmi rèé: aṣọ ló ń ṣáájú owó. Kí wọ́n mú títì kan, ọ̀kan péré. Kí wọ́n dí kòtò rẹ̀, kí wọ́n kó ẹrẹ̀ gọ́tà rẹ̀, kí wọ́n fa ìlà ibi tí mọ́tò lè dúró sí. Kí wọ́n wá gba owó lẹ́yìn náà, lọ́wọ́ àwọn tó ti rí i.

16/ "Àmọ́ ṣebí ìjọba ń ṣe títì?" Wọ́n ń ṣe é. A ní afárá Ọláìyá láti 2022. Ní 2023, gómìnà tó wà lórí àga kéde iṣẹ́ ₦100 bílíọ̀nù, afárá wà nínú rẹ̀. Títì ńlá nìyẹn. Títì màmá mi, káńsù ló ni ín. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé títì àdúgbò, gọ́tà, iná títì àti gáréèjì lé káńsù lọ́wọ́. Ní 2025, ìjà lórí ẹni tó ni àga alága káńsù le débi pé owó tó yẹ kó ti Àbújá wá fún àwọn káńsù Ọ̀ṣun há sọ́nà. Kòtò ò sì mọ̀ pé ìjà wà. Òjò ń rọ̀, ó ń fẹ̀.

17/ Kí ni káńsù lè gbà lábẹ́ òfin? Òfin kan wà láti 1998 tó to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lẹ́sẹẹsẹ. Ti káńsù: owó ìsọ̀, owó orí ilé, owó gáréèjì, owó ìtanràn lórí páàkì tí kò tọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin yẹn tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dènà sójú títì láti gba owó orí. (Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o.) Owó lórí ibi ìpáàkì inú ọgbà ò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, ó di dandan kí wọ́n gbé e gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun kọjá kó tó dé káńsù. Tí wọ́n bá fo ìyẹn, ti Àbújá ló máa ṣẹlẹ̀.

18/ Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ká ní ₦500 lóṣù lórí mọ́tò kan. Gbọ̀ngàn ayẹyẹ tó ń gba 60: ₦30,000. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ń gba 20: ₦10,000. Bánkì tó ń gba 15: ₦7,500. Ilé ìjọsìn tó ń gba 40, ká gba ìdajì lọ́wọ́ wọn: ₦10,000. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá tó márùn-ún, kò san nǹkan kan. Àròpọ̀: ₦57,500 lóṣù, ₦690,000 lọ́dún, lójú títì kan ṣoṣo.

19/ Ṣé ìyẹn tó da ọ̀dà tuntun? Kò tó rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí títì ṣe ń kú. Gọ́tà á kọ́kọ́ dí. Omi á dúró sójú títì, á wọ inú ibi tó sán, á fọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀dà lọ. Mọ́tò á wá tẹ ibẹ̀, á rì. Kòtò tó kéré bí abọ́ lónìí á tó odò lẹ́yìn òjò méjì. Ẹni tó ń kó gọ́tà lóṣooṣù, tó ń dí kòtò nígbà tó ṣì kéré, ti gba títì là. Owó kékeré tó ń wá déédéé ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe owó ńlá ọdún ìbò.

20/ Mo kọ gbogbo èyí sínú ìwé, mo gbé e lọ sí ìpàdé àdúgbò wọn. Máníjà gbọ̀ngàn ayẹyẹ dìde. Ó ní: "Àǹtí, èmi ni mo rówó ra ilẹ̀ tí mọ́tò á dúró sí. Ìwọ̀nyí tí wọn ò ní ọgbà, títì ni àlejò tiwọn ń páàkì sí. Ṣé èmi tí mo ṣe dáadáa lẹ máa wá fìyà jẹ?" Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

21/ Ọ̀rọ̀ yẹn tún ètò náà ṣe. Tó bá jẹ́ ìlà tí wọ́n fà sínú ọgbà nìkan la kà, ilé tí kò ní ọgbà á lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ní ọgbà á sì fọ́ tirẹ̀ kó má baà sanwó. Mọ́tò tí ilé kan ń fà wá ló yẹ ká kà, ní ọjọ́ tó kún jù. Èyí tó bá wọ inú ọgbà, ₦500. Èyí tó bá dúró sójú títì, ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá fi koríko sílẹ̀ nínú ọgbà dípò kó fi ìntàlọ́ọ̀kì bò ó tán, kí wọ́n dín tirẹ̀ kù, torí omi rẹ̀ ń wọlẹ̀ dípò kó ya sínú gọ́tà gbogbo wa.

22/ Ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn ńkọ́? Ẹ dá a dúró ná, bàbá mi ni díákónì. Wọ́n ní: "Ẹ fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ Ọlọ́run?" Mo ní, "Dádì, ẹ má bínú, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì yín kì í san owó iná?" Wọ́n ní wọ́n ń san. Mo ní títì náà nìyẹn. Ohun tí a lò ni a ń san. Mọ́ṣáláṣí náà, bẹ́ẹ̀. Wọn ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọn ò lé mi jáde.

23/ Èyí tó kù ni ọ̀nà tí owó máa gbà. Má fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí àgbèrò. Àkáǹtì kan fún títì kan, kí aṣojú káńsù àti aṣojú àdúgbò jọ máa buwọ́ lù ú. Kí wọ́n ri pátákó sẹ́nu títì: iye tó wọlé lóṣù yìí, iye tó jáde, ohun tí wọ́n fi ṣe. Kí ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé ìwé lè kà á. Oṣù tí pátákó bá ṣófo, kí onílé má san kọ́bọ̀.

24/ Ní báyìí, káńsù ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Àdúgbò nìkan ló gbọ́. Wọ́n fẹnu kò pé ìdáwó tó ń bọ̀, iye mọ́tò ni wọ́n á fi pín in. Ìyẹn ò nílò òfin kankan, ìfẹ́ inú ni. Máníjà ọ̀hún ní òun á gbé típà òkúta kan sílẹ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè bá lè gbé tiwọn sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn á gbàdúrà sí i. A ń retí wọn.

25/ Màmá mi ò gbà pátápátá. Wọ́n ní: "Ìwọ ọmọ yìí, owó ìsọ̀ tí mo ti ń san láti ọjọ́ yìí, kí ni wọ́n fi ṣe? O tún fẹ́ kọ́ wọn ní orúkọ owó mìíràn." Mi ò rí èsì fọ̀ sí ìyẹn. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ aṣọ àti òṣómàáló fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, torí bàbá wọn ni mò ń sọ. Wọ́n ní: "Ó dáa. Kí wọ́n kọ́kọ́ dí kòtò iwájú ibí. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá lóṣòó. Èmi á tiẹ̀ gbé àga fún wọn."

26/ Ní títì tiyín, ta ló ń kó mọ́tò wá jù, ta ló sì ń dáwó jù? Ẹ sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, mò ń kà gbogbo rẹ̀. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni o, mi ò lówó lọ́yà.